Ọ̀rọ̀ aṣínà kan fún gbogbo òṣìṣẹ́: Kí ni ilé iṣẹ́ kékeré lè fi rọ́pò rẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré, yálà ó wà ní Ìbàdàn, Kaduna, Accra tàbí Kútọnu, ìwé pélébé kan máa ń wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Orúkọ ìwọlé kan àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan ni wọ́n kọ sí i, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé ń lò ó, olùṣirò owó ń lò ó, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta náà ń lò ó.

Ó rọrùn, kò sì ná ilé iṣẹ́ ní kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wò ó pé lọ́jọ́ kan, àkọsílẹ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ pòórá. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni yóò kọ, èyíinì ni orúkọ tí gbogbo wọn ń lò. Ẹni tó ṣe é kò ṣeé mọ̀. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ kò sì ní rí ohun tí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ilé iṣẹ́ ńlá ti ń lò ó. Àlàyé rèé lórí ohun tó jẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tó yẹ kí ilé iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn kékeré mọ̀ kó tó dáwọ́ lé e.

Kí ni ohun tí à ń sọ gan-an?

Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ìwé orúkọ àpapọ̀. Dípò kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní sáfà ni yóò máa tọ́jú wọn fún gbogbo ẹ̀rọ yòókù. Bí òṣìṣẹ́ bá tẹ orúkọ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, kọ̀ǹpútà náà yóò bi sáfà léèrè bóyá ó mọ ẹni náà, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Èkejì ni fódà ilé. Ilé ni àwọn tó ṣe ètò Unix pe ibi tí iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé lórí kọ̀ǹpútà: ìwé tó kọ, àwòrán tó tọ́jú, àti bó ṣe fẹ́ kí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ rí. Bí ilé yìí bá wà lórí sáfà, ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kẹta lónìí, tó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ kẹsàn-án lọ́la, ilé kan náà ni yóò bá.

Ẹ kíyè sí i pé èyí kì í ṣe pípín ọ̀rọ̀ aṣínà kan lò. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ìwé orúkọ ni gbogbo ẹ̀rọ jọ ń lò. Ọ̀rọ̀ aṣínà jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ mọ ti ẹlòmíràn, títí kan ọ̀gá pátápátá.

Níbo ni èrò yìí ti ṣẹ̀?

Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Unix ní Bell Labs, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1969, kọ̀ǹpútà ńlá kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lò pọ̀. Ìwé orúkọ kan ló wà, orí ẹ̀rọ kan náà sì ni ilé gbogbo wọn wà. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà kéékèèké gbòde ni ọ̀rọ̀ yí padà. Iṣẹ́ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í há sórí ẹ̀rọ tó bá jókòó tì.

Lọ́dún 1983, ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ DEC àti IBM, dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Project Athena. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sídìí ẹ̀rọ tó bá rí nínú ọgbà, kó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Inú iṣẹ́ yìí ni Kerberos ti jáde, ìyẹn ètò tó ń wádìí ẹni tó fẹ́ wọlé láì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ rìn lórí wáyà. Orúkọ ajá olórí mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibùgbé àwọn òkú nínú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní 1984, ilé iṣẹ́ Sun Microsystems gbé NFS jáde, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣí fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló ṣe ìwé orúkọ àpapọ̀ kan tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní Yellow Pages. Nítorí pé British Telecom ló ni orúkọ náà lábẹ́ òfin ní Britain, wọ́n yí i padà sí NIS. Síbẹ̀, lẹ́tà "yp" ló ṣì bẹ̀rẹ̀ àwọn àṣẹ rẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni LDAP dé, láti Yunifásítì Michigan, ní ọdún 1993. Microsoft gbé Active Directory jáde pẹ̀lú Windows 2000. Andrew Tridgell, ọmọ ilẹ̀ Australia, ló bẹ̀rẹ̀ Samba, ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ kí Linux àti Windows gbọ́ èdè ara wọn. Láti ìgbà tí ẹ̀yà kẹrin rẹ̀ ti jáde ní ìparí ọdún 2012, Samba lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ Active Directory láì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ra ìwé àṣẹ kankan.

Orúkọ fún ènìyàn, nọ́ńbà fún ẹ̀rọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá Linux mu, nítorí pé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé.

Bí ẹ bá ṣí àkáǹtì fún òṣìṣẹ́ kan lórí Linux, orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀yin ń rí, àmọ́ nọ́ńbà ni ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń kọ sára fáìlì kọ̀ọ̀kan láti fi ẹni tó ni ín hàn. Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, ẹni àkọ́kọ́ máa ń gba 1000, ẹni tó tẹ̀ lé e yóò gba 1001, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó pé lórí kọ̀ǹpútà kìíní, Bọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba 1001, Musa sì gba 1002. Lórí kọ̀ǹpútà kejì, Musa ló kọ́kọ́ dé, òun ló gba 1001. Bí ẹ bá wá gbé ilé àwọn méjèèjì sórí sáfà nípasẹ̀ NFS lásán, kọ̀ǹpútà kejì yóò ka gbogbo fáìlì Bọ́lá sí ti Musa. Musa yóò lè kà á, yóò lè yí i padà, yóò sì lè pa á rẹ́, láì jẹ́ pé ó jí ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnikẹ́ni. Bọ́lá fúnra rẹ̀ kò sì ní lè wọ ilé tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí fódà ilé orí sáfà kò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìwé orúkọ àpapọ̀. Ìwé orúkọ ló ń rí i dájú pé nọ́ńbà kan náà ni ẹnì kan ń jẹ́ níbi gbogbo. Ó tún dára kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà àpapọ̀ láti ibi tó jìnnà, bíi 10000, kó má baà kọlu àwọn àkáǹtì tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀.

Èwo ni ilé iṣẹ́ yín nílò?

Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló nílò ohun ńlá. Ohun tí ẹ ní ni yóò sọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ ní, tí àwọn òṣìṣẹ́ kò sì pọ̀, ẹ lè ṣí àkáǹtì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà wọn bára mu. Fódà àjùmọ̀lò kan lórí Samba lè tó yín.

Bó bá jẹ́ Linux ni gbogbo ẹ̀rọ yín, FreeIPA yóò wúlò. Ètò ọ̀fẹ́ ni, ó sì so LDAP àti Kerberos pọ̀ kí ẹ má baà máa tò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. NFS ni yóò gbé fódà ilé.

Bó bá jẹ́ Windows ló pọ̀ jù, Samba tàbí Active Directory ni kí ẹ lò. Àmọ́ kí ẹ tó náwó, ẹ yẹ ẹ̀yà Windows tó wà lórí àwọn ẹ̀rọ náà wò. Èyí tó ń jẹ́ Windows Home kò lè dara pọ̀ mọ́ irú ètò yìí. Pro tàbí èyí tó ga jù ú lọ ni yóò ṣeé lò.

Bó bá sì jẹ́ pé ilé tàbí ìrìnàjò ni àwọn òṣìṣẹ́ yín ti ń ṣiṣẹ́ jù, ó lè ṣàǹfààní kí ẹ lo ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Google Workspace tàbí Microsoft 365. Ẹ rántí pé owó rẹ̀ wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti pé ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sé, púpọ̀ nínú iṣẹ́ yóò dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ láti bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá yan sáfà inú ọ́fíìsì tirẹ̀ lórí Linux, bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ náà lọ rèé:

1. Ẹ kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀, nọ́ńbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́, àti ẹgbẹ́ tó wà, bíi ìṣirò owó tàbí ìṣàkóso. Orí ìwé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ṣe èyí.

2. Ẹ fún sáfà ní orúkọ àti àdírẹ́sì tí kò ní máa yí padà, kí ẹ sì fi wáyà so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó sàn kí àwọn kọ̀ǹpútà náà lo wáyà, nítorí pé Wi-Fi tó ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa já ilé àwọn òṣìṣẹ́ gbà mọ́ wọn lọ́wọ́.

3. Ẹ mú aago gbogbo ẹ̀rọ bára mu. Bí aago kọ̀ǹpútà bá fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ yàtọ̀ sí ti sáfà, Kerberos kò ní gbà á wọlé, àyàfi bí wọ́n bá yí òté náà padà. Ọ̀rọ̀ yìí kan kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ gan-an, nítorí pé bátìrì kékeré inú wọn ti sábà máa ń kú, aago wọn sì máa ń padà sí ọdún tó ti kọjá nígbàkigbà tí iná bá lọ. Sáfà fúnra rẹ̀ lè máa fún wọn ní aago.

4. Ẹ gbé ètò ìwé orúkọ sórí sáfà, kí ẹ sì ṣí àkáǹtì méjì péré fún ìdánwò.

5. Ẹ ṣí fódà ilé sílẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín nìkan. Lórí Linux, inú fáìlì /etc/exports ni wọ́n ti ń kọ èyí. Ẹ má ṣe pa ètò "root_squash" tó wà níbẹ̀. Òun ló ń dènà kí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà kan di ọ̀gá lórí fáìlì sáfà.

6. Ẹ so kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo mọ́ ọn, kí ẹ dán an wò fún ọjọ́ mélòó kan. Ètò autofs yóò jẹ́ kí ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣí nígbà tó bá wọlé nìkan.

7. Ẹ fi àkáǹtì pàjáwìrì kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, tí kò gbára lé sáfà, kí ilé rẹ̀ má sì sí nínú /home tó ń ti orí sáfà wá. Bí sáfà bá kú, ẹnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà wọlé nìyẹn.

8. Ẹ kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì wọn àtijọ́ sínú ilé tuntun, ẹ fi nọ́ńbà tuntun sára àwọn fáìlì náà, kí ẹ má sì pa ti àtijọ́ rẹ́ títí ẹni náà yóò fi sọ pé òun rí gbogbo rẹ̀.

Àwọn ibi tí ewu wà

NFS lásán máa ń gba ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ fún un gbọ́. Bí ẹ̀rọ kan bá sọ pé ẹni 10005 ló ń sọ̀rọ̀, sáfà kò ní wádìí síwájú sí i. Ẹni tó bá lè gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, tó sì bọ́ sórí àdírẹ́sì tí sáfà gbà láyè, lè pe ara rẹ̀ ní nọ́ńbà tó bá wù ú. Bí àwọn àlejò bá ń lo Wi-Fi kan náà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, ẹ ya tiwọn sọ́tọ̀. Bí ohun tó wà nínú àwọn fáìlì náà bá ṣe pàtàkì, bí àkọsílẹ̀ aláìsàn tàbí ti owó, ẹ lo NFS ẹ̀yà kẹrin pẹ̀lú Kerberos, èyí tó lè wádìí ẹni, tó sì lè pa ohun tó ń kọjá lórí wáyà mọ́ lójú ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe ṣí NFS sórí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba láéláé.

Ewu mìíràn ni kí ẹnì kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé kan náà ló ń bá pàdé ní ibi méjèèjì, àwọn ètò kan bíi Firefox kò sì gbà kí a ṣí wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì láti inú ilé kan. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n máa jáde kí wọ́n tó dìde.

Ẹ tún fi òté sí ìwọ̀n àyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbà. Bí ẹnì kan bá kó fíìmù kún ilé rẹ̀ tí dísìkì sáfà fi kún, kì í ṣe òun nìkan ni kò ní rí iṣẹ́ rẹ̀ tọ́jú. Gbogbo ọ́fíìsì ni.

Bí iná bá lọ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Nígbà tí iṣẹ́ wà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká lè máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bí ilé rẹ̀ bá wà lórí sáfà, tí sáfà kú, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò dúró gbagidi, nítorí pé NFS máa ń dúró de sáfà títí yóò fi padà. Ìdúró náà kì í ṣe àìsàn. Òun ni kì í jẹ́ kí fáìlì bàjẹ́ láàárín méjì.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ra sáfà láì ra UPS. Sáfà, ráútà àti ẹ̀rọ tó so wáyà gbogbo pọ̀ ni kó kọ́kọ́ wà lórí UPS tàbí ìnfátà, kó tó kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ sì ṣètò rẹ̀ kí sáfà lè pa ara rẹ̀ dáadáa bí bátìrì bá fẹ́ tán kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Ní ti ìwọlé, ètò SSSD lórí Linux lè rántí ẹni tó ti wọlé rí, tí ẹ bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó lè padà wọlé bí sáfà kò bá sí nítòsí. Windows náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwọlé nìkan kò ní gbé fáìlì orí sáfà wá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Bí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn bá ti wà lójú kan, ó rọrùn láti tọ́jú rẹ̀, ó sì rọrùn láti pàdánù rẹ̀. Dísìkì méjì tó ń kọ ohun kan náà nínú sáfà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Bí ẹnì kan bá pa fáìlì rẹ́, orí méjèèjì ni yóò ti rẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà.

Òfin tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn yàtọ̀ sí ọ́fíìsì. Dísìkì alágbèéká kan tí ọ̀gá ń gbé lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n ti ti ohun inú rẹ̀ pa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà, lè jẹ́ ẹ̀dà kẹta. Lóṣooṣù, ẹ mú fáìlì kan jáde láti inú ẹ̀dà náà kí ẹ sì ṣí i wò. Ẹ̀dà tí a kò tíì gbìyànjú láti ṣí rí, ìrètí lásán ni.

Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀

Ibí yìí ni àǹfààní ìwé orúkọ àpapọ̀ ti hàn jù lọ. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan, ẹni tó bá kúrò níṣẹ́ máa ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Bí wọ́n bá yí i padà, gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ há tuntun sórí, torí náà wọn kì í sábà yí i padà.

Pẹ̀lú ìwé orúkọ àpapọ̀, ojú kan ni wọn yóò ti pa àkáǹtì rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà yóò sì gbọ́. Ẹ má ṣe pa á rẹ́ pátápátá lọ́jọ́ náà. Ẹ tì í, ẹ gbé iṣẹ́ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ fún ẹni tó gba ipò rẹ̀, ẹ sì fún un ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ má sì fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá gba nọ́ńbà náà yóò jogún fáìlì tó bá ṣẹ́ kù.

Òfin náà sọ̀rọ̀ sí i. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ní kí ẹni tó bá ń tọ́jú dátà àwọn ènìyàn dáàbò bò ó. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tó lè pa àwọn ènìyàn náà lára, wákàtí 72 ló ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí lẹ́yìn tó bá ti mọ̀. Ghana ti ní irú òfin yìí láti ọdún 2012, Benin láti 2009, Togo sì ṣe tirẹ̀ ní 2019. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín ni ẹni tó lè dé ibi tí dátà náà wà. Ilé iṣẹ́ tí orúkọ kan ṣoṣo wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní ìdáhùn sí i.

Nítorí náà, kó tó di pé ẹ ra sáfà, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lónìí láì náwó: ẹ yọ ìwé pélébé ara ògiri náà kúrò, kí ẹ sì ṣí àkáǹtì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kódà bó jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan péré. Bí àkọsílẹ̀ owó oṣù bá tún pòórá, a ó mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kò sì ní ru ẹrù ẹlẹ́rù.